Ohun Tí Ó Kù Lábẹ́ Ìdérí

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹni tí a bí sí etí òkun Ìlàjẹ, tí ó ti ń lépa alákàn nínú ẹrẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì lè di ṣòkòtò ara rẹ̀, mọ ohun kan tí òwe náà kò sọ: orí ọ̀pá tín-ínrín méjì ni Ẹlẹ́dàá gbé ojú ẹranko náà kọ́, bí ewu bá sì ti yọ báyìí, kíá ni yóò ká ojú wọ inú kòtò tí a ti gbẹ́ sílẹ̀ fún un lára igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ ènìyàn kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ojú tirẹ̀. Ojú tiwa, ọba ara, gbangba ni ó jókòó sí níwájú orí, ìpéǹpéjú méjì péré ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn fún un. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ lù ú, omi iyọ̀ ń ta sí i, èéfín ẹja yíyan ń gùn ún láti àfẹ̀mọ́jú títí di alẹ́.

Ní ọjọ́ kan, èmi àti àwọn èrò mélòó kan wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní èbúté Ìgbókọ̀dà, a dorí kọ Ayétòrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó níwájú mi wọ awò ojú tí dígí rẹ̀ nípọn, gbogbo ìgbà tí imú ọkọ̀ bá sì ti kan ìgbì ni omi ń ta bo dígí náà, tí òun náà ń bọ́ ọ, tí ó ń fi etí aṣọ nù ún, tí ó tún ń gbé e wọ̀, títí di ìgbà tí ọkọ̀ fò lórí ìgbì kan tí ó ga díẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí awò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú alagbalúgbú omi. Ó wo omi, ó wo wa, ó rẹ́rìn-ín ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn, ó ní bí òun bá tún dé Èkó, òun yóò lọ fi lésà tún ojú òun ṣe, kí òun bọ́ lọ́wọ́ ìyà awò. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó wà nídìí ọkọ̀ dá a lóhùn pé: “Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ńṣe ni wọ́n ń ṣí ojú bí ẹni ṣí ìkòkò ọbẹ̀, tí wọ́n á fi iná sí i, tí wọ́n á sì tún dé e padà. Ta ni yóò bá ọ di ìdérí náà mú bí ìgbì bá gbá ọ lójú?” Ọmọ náà ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe é o.” Bàbá ní, “Ẹ̀rọ náà yóò ha bá ọ wọ ọkọ̀ bí?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí bí bàbá kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe nǹkan wọ̀nyí, orí kókó ọ̀rọ̀ gan-an ni ó gbé ọwọ́ lé, èyí tí àwọn onímọ̀ ojú ti ń fà láàárín ara wọn láti nǹkan bí 30 ọdún: báwo ni ó ṣe yẹ kí ìdérí náà nípọn tó, kí ni ó sì kù lábẹ́ rẹ̀ tí yóò gbé ojú ró?

Kí a tó lè dá a lóhùn, a ní láti wo ojú fúnra rẹ̀. Níwájú ọmọlójú ni awọ mímọ́ gaara kan wà, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, tí ó rí roboto bí ẹ̀yìn ṣíbí. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní kọ́níà. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, òun ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ títẹ ìmọ́lẹ̀, kí ó lè pàdé sí ojú kan lórí awọ ẹ̀yìn ojú lọ́hùn-ún, níbi tí a ti ń ríran. Ẹni tí kò ríran jìnnà, ojú rẹ̀ gùn jù, tàbí kọ́níà rẹ̀ yọ síta jù, ìmọ́lẹ̀ a sì ti pàdé kí ó tó dé ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí apẹja tí ó ju àwọ̀n tí àwọ̀n sì ṣí balẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ẹja ti ń fò. Awò ojú a máa sún ibi tí àwọ̀n ń balẹ̀ síwájú. Ti lésà yàtọ̀: àárín kọ́níà fúnra rẹ̀ ni ó ń fá, tí ó ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ díẹ̀, kí ó má baà tẹ ìmọ́lẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Èmi kò ní fi bò pé awò ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Nínú ìwádìí ńlá tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láti 2005 sí 2007 lára àwọn tí ó ti pé ẹni 40 ọdún sókè, àbùkù ojú tí awò lásán lè tún ṣe ni olórí ohun tí ó sọ ojú di bàìbàì fún àwọn tí ìríran wọn dínkù níwọ̀nba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà ní etí omi wa tí kò ì tí ì fi awò kan ojú rí, tí wọ́n rò pé bí ayé ṣe rí náà nìyẹn. Àìríran jìnnà ní pàtàkì kò tíì wọ́pọ̀ láàárín wa bí ó ti rí ní Singapore tàbí Taiwan, níbi tí nǹkan bí 8 nínú àwọn ọ̀dọ́ 10 tí ó ń parí ilé ìwé ti ní í. Àwọn onímọ̀ gbà pé ìmọ́lẹ̀ ìta gbangba nígbà èwe wà lára ohun tí ń dáàbò bo ojú, ọmọ Ìlàjẹ tí ó ń fi ojú wá ọkọ̀ baba rẹ̀ níbi tí omi ti pàdé òfuurufú sì ti ń jẹ àǹfààní náà láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ alágbèéká ti dé abúlé orí omi pẹ̀lú.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú pé a lè gbẹ́ kọ́níà bí ẹni gbẹ́ igi ni José Ignacio Barraquer, ọmọ Sípéènì tí ó lọ fìdí kalẹ̀ sí ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà. Láti 1949 ni ó ti kọ èrò yìí sílẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe, kí ẹni tí ojora bá tètè ń mú má fi etí sí i: yóò fi abẹ ré pẹlẹbẹ kan kúrò lójú kọ́níà pátápátá, yóò mú kí pẹlẹbẹ náà dì bí yìnyín, yóò gbé e sórí ẹ̀rọ bí irú èyí tí wọ́n fi ń yí irin, yóò gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti fẹ́, lẹ́yìn náà yóò gbé e padà sójú onítọ̀hún, yóò sì rán an mọ́ ọn. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọwọ́ wọn balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé.

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti wá kò jọ ibi ìṣègùn rárá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1981, lẹ́yìn àsè Ìdúpẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe lọ́dọọdún, Rangaswamy Srinivasan, ọmọ Íńdíà tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí IBM ní Yorktown Heights, gbé àjẹkù tòlótòló ilé rẹ̀ dé ibi iṣẹ́, òun pẹ̀lú James Wynne àti Samuel Blum sì tan irú lésà kan sí i, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò hàn sí ojú, tí gígùn ìgbì rẹ̀ kò ju 193 nanomítà lọ. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà bà, ó gé e wẹ́rẹ́ bí ẹni fi abẹ gé e, etí ibẹ̀ kò sì jó. Ní 1983, dókítà ojú kan tí ń jẹ́ Stephen Trokel bá Srinivasan dán an wò lára ojú màlúù, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí egungun tòlótòló ṣe di irinṣẹ́ ìtọ́jú ojú. Ẹ wo bí ọgbọ́n ti í rìn!

Ìdérí tí bàbá inú ọkọ̀ ń wí, ní erékùṣù Kírétè ni ó ti wá, ibi tí Bíbélì sọ pé ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù gbà kọjá kí ìjì tó dé bá a. Ní nǹkan bí 1989 sí 1990, Ioannis Pallikaris ti Yunifásítì Kírétè rò ó pé dípò kí òun ré pẹlẹbẹ kọ́níà kúrò pátápátá bíi ti Barraquer, òun yóò fi etí rẹ̀ kan sílẹ̀ kí ó so mọ́ ara, bí ilẹ̀kùn ṣe so mọ́ férémù. Ó ṣí i sẹ́yìn, ó tan lésà sí ara kọ́níà tí ó wà lábẹ́, ó sì dé e padà láìfi okùn kan rán an. Bí a ṣe ké orúkọ iṣẹ́ náà kúrú ni LASIK. Ẹ ó béèrè pé kí ni ó di ìdérí náà mú bí kò bá sí okùn. Lábẹ́ kọ́níà pátápátá ni ìpele kan wà tí kì í sinmi, tí ó ń fa omi kúrò nínú kọ́níà tọ̀sán-tòru gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tí a fi sídìí ọkọ̀ kí ó máa gbọ́n omi. Fífà yìí ni ó ń fa ìdérí mọ́lẹ̀ láti wákàtí àkọ́kọ́, kí awọ òkè tó hù bo etí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Níbi tí a dé yìí ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ti wọlé. Mìlímítà kan jẹ́ 1,000 máíkírọ́ọ̀nù; ewé ìwé kan tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì nípọn tó nǹkan bí 100. Àárín kọ́níà ènìyàn jẹ́ nǹkan bí 540 ní ìpíndọ́gba, bí ewé ìwé márùn-ún àti àbọ̀ tí a tò lé ara wọn. Nínú èyí, nǹkan bí 50 ni awọ òkè tí ó ń hù padà bí a bá ha á. Ara kọ́níà gan-an tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í hù padà. Fọ́nrán ni wọ́n fi hun ún, ìpele lórí ìpele, ohun tí ó sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo àlàyé mi nìyí: ìdá kan nínú mẹ́ta tí ó wà lókè ni fọ́nrán rẹ̀ ti wọnú ara wọn bí àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ sì kàn tò lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìdérí tí a bá gé, inú ibi tí ó le jù ni a ti gé e, láti ọjọ́ náà lọ kò sì ní bá ojú ru ẹrù mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ó dà bí pákó tí a fi bo ojú afárá lẹ́yìn tí a ti yọ òpó kúrò lábẹ́: ó bo ihò, kò gbé ènìyàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, abẹ ẹlẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń gé e. Wọn a gbé òrùka kan lé ojú tí a ti fi oògùn pa, òrùka náà a fa ojú mọ́ra, ìfúnpá inú ojú a ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí ìríran a fi ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, abẹ a sì gba ojú kọ́níà kọjá bí ìgbà tí káfíńtà bá ń fi ràǹdà fá pákó. Ẹ̀yin tí ẹ ti fá pákó rí mọ ibi tí mo ń lọ. Abẹ tí a kọ 160 sí lára lè gé 130 lójú ẹnì kan, kí ó gé 190 lójú ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí kọ́níà ti rí àti bí abẹ ti mú sí. Kì í ṣe pé kí ìdérí sáà ti fẹ́lẹ́ ni ó dára pẹ̀lú. Ìdérí tí ó fẹ́lẹ́ jù, tí kò tó 90, lè ya, ó lè lu ní àárín, ó lè ká bí aṣọ tí a sá láìtẹ́. Èyí tí ó nípọn rọrùn fún oníṣègùn láti gbé, àmọ́ ó ti jẹ lára ohun tí yóò kù sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ó mú ìwọ̀n yìí gún régé ju ti abẹ lọ tún wá láti inú àgbákò. Ní 1985, Gérard Mourou àti Donna Strickland gbé ọgbọ́n kan jáde tí ó mú kí lésà lè tàn fún ìgbà tí ó kúrú ju ìrònú lọ, pẹ̀lú agbára ńlá, ọgbọ́n náà sì ni ó mú ìdajì ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ físíìsì wá fún wọn ní 2018. Nígbà tí Mourou wà ní Yunifásítì Michigan, irú lésà yìí ta bá akẹ́kọ̀ọ́ kan lójú ní nǹkan bí 1993. Ọ̀dọ́ dókítà tí ó yẹ ojú náà wò, Ron Kurtz, ṣàkíyèsí pé àpá tí ó fi sílẹ̀ kéré, ó sì mọ́ létí ju ti lésà mìíràn gbogbo lọ. Kàkà kí ó kàn tọ́jú aláìsàn kí ó sì gbàgbé, ó lọ bá àwọn onífísíìsì náà. Láti inú ìjíròrò wọn ni lésà tí ó ń gé ìdérí láìlo abẹ ti jáde, èyí tí a lè sọ fún pé 110 ni a fẹ́ tí yóò sì gé iye tí kò jìnnà sí i rárá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò, kò le ju ti àwọn ìyá tí ń ta ẹja ní Ìgbókọ̀dà lọ. Àwọn onímọ̀ ń fi dáíọ́pítà wọn bí ojú ti burú tó. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Charles Munnerlyn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 1988, bí a bá fẹ́ fá ibi kan lórí kọ́níà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6, dáíọ́pítà kọ̀ọ̀kan yóò gba nǹkan bí 12 máíkírọ́ọ̀nù. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ká ní dáíọ́pítà 6 ni ojú ọ̀dọ́mọkùnrin tí awò rẹ̀ bọ́ sómi, lésà yóò fá 72. Bí kọ́níà rẹ̀ bá jẹ́ 540, tí ìdérí jẹ́ 160, 308 ni yóò kù sábẹ́. Bí kọ́níà rẹ̀ bá jẹ́ 500, 268 ni yóò kù. Bí abẹ bá sì wá ṣìṣe, tí ó gé 190 dípò 160, ó ku 238. Ṣùgbọ́n bí a bá fi lésà gé ìdérí rẹ̀ sí 110, 318 ni yóò kù lójú kan náà. Àwọn oníṣègùn ti fi 250 ṣe ààlà láti ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ wọn lónìí kì í sì í fẹ́ kí ó dín ní 300. Òmíràn wà tí a ń wò pọ̀ mọ́ ọn láti 2014, tí Marcony Santhiago ọmọ Brazil àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde: ìdérí àti ohun tí a fá, tí a bá ro wọ́n pọ̀, kò yẹ kí wọ́n tó 40 nínú 100 kọ́níà. Pẹ̀lú ìdérí 160, ojú oní-500 yìí ti pàdánù 46. Pẹ̀lú 110, ó pàdánù 36. Ojú kan náà, ìríran kan náà, lésà kan náà. Sísanra ìdérí nìkan ni ó yàtọ̀.

Ará Ayétòrò kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún òun. Ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí ó ní ògo tirẹ̀ láàárín àwọn ìlú etí omi, òkun ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ilé lẹ́yìn ilé, òpópónà lẹ́yìn òpópónà. Bí o bá lọ kí ẹni tí ó kù síbẹ̀, kò ní ròyìn iye ẹsẹ̀ bàtà tí òkun gbé lọ fún ọ. Ilẹ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀yìn ilé rẹ̀ àti omi ni yóò fi ọwọ́ tọ́ka sí.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ojú tí ilẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ jù, Theo Seiler wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1998. Ìfúnpá inú ojú kì í sinmi láti ti kọ́níà láti ẹ̀yìn. Bí ohun tí ó kù kò bá lágbára tó láti dá a dúró, kọ́níà a bẹ̀rẹ̀ sí í wú síwájú bí ògiri pákó tí omi ń tì, oṣù mélòó kan tàbí ọdún mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìríran tí ó ti dára a sì tún daru, èyí tí awò kò lè tún ṣe dáadáa mọ́. Kò wọ́pọ̀, n kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ó sì ní àtúnṣe díẹ̀, nítorí Seiler yìí kan náà wà lára àwọn tí ó wá ọ̀nà láti fi fítámì B2 àti ìmọ́lẹ̀ mú kí fọ́nrán kọ́níà le sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn pé 250 kì í ṣe oògùn. Àwọn kan wà tí 300 kù fún tí ojú wọn sì wú, nítorí kọ́níà wọn ti ní àìlera láti ilẹ̀ wá tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Nítorí náà ni dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a fi ya àwòrán ojú kọ́níà kí ó tó gba owó.

Ọ̀ràn kan wà tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú ní tààrà. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà lórí àwọn tí ìfúnpá ojú wọn ga, tí James Brandt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2001, kọ́níà àwọn ọmọ Áfíríkà-Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 556 ní ìpíndọ́gba, ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 579. Ó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ tí a fẹ́ gbẹ́ kò jìn tó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ kì í ṣe ìwọ̀n o. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni a ní láti wọn, nítorí a lè rí ọmọ Ìlàjẹ oní-580 kí a sì rí ọmọ Jámánì oní-490. Ewu kejì ni ó sì ń bà mí lẹ́rù ju èkíní lọ. Glókómà, àìsàn ojú tí ó ń fi ìdákẹ́rọ́rọ́ jí ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín, ni ó tẹ̀lé kátárátì nínú ohun tí ń fọ́ni lójú ní Nàìjíríà. Ìwádìí 2005 sí 2007 náà kà á sí 16.7 nínú 100 àwọn afọ́jú tí ó ti lé ní 40 ọdún. Títẹ kọ́níà ni wọ́n fi ń mọ ìfúnpá ojú. Kọ́níà tí a ti fá ti fẹ́lẹ́, ó ti rọ̀, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ yóò kà lára rẹ̀ a kéré ju òtítọ́ lọ. Ẹni tí ó bá ṣe lésà ní ọmọ 25, tí ó gbàgbé láti sọ fún dókítà ní ọmọ 50, lè gbọ́ pé “ìfúnpá rẹ dára” nígbà tí olè ti wà nínú ilé.

Ó ku ìbéèrè bàbá: ta ni yóò di ìdérí mú? Òtítọ́ ni pé etí ìdérí a máa jinná, a sì ní àpá tí ó lágbára níwọ̀nba, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ kì í padà di ara kan náà pẹ̀lú ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Dókítà lè tún ṣí i lẹ́yìn ọdún púpọ̀ bí ó bá nílò àtúnṣe. Ohun tí ọwọ́ dókítà lè ṣí, ìka ọmọdé, ẹ̀ka igi, okùn àwọ̀n tí ó já tì wòó, tàbí ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún tí ń jà nínú ọkọ̀ lè ṣí i pẹ̀lú, a sì ti rí irú èyí lára àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ní ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Kò wọ́pọ̀ láàárín akọ̀wé ọ́fíìsì. Iṣẹ́ apẹja kọ́ ni iṣẹ́ akọ̀wé.

Àwọn tí omi àti ìjà jẹ́ iṣẹ́ wọn ti ro èyí ṣáájú wa. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tiwọn ní 1993 lábẹ́ Steven Schallhorn, èyí tí kò ní ìdérí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tí a ń pè ní PRK: wọn a ha awọ òkè tí ó ń hù padà kúrò, lésà a fá ojú kọ́níà láti òkè, awọ a sì tún hù bò ó. Ó ń dunni fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ìríran a sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó mọ́, èyí tí ó mú kí àwọn olówò máa sá fún un. Ṣùgbọ́n kò fi ilẹ̀kùn kankan sílẹ̀ fún ìgbì láti kàn, 160 tàbí 110 ìdérí náà sì wà níbẹ̀ láìgé. Ọ̀nà kẹta tún wà lónìí, SMILE, nínú èyí tí wọ́n ń fi lésà gé ègé kékeré kan nínú kọ́níà, tí wọ́n sì ń fà á yọ láti ojú ihò tí kò ju mìlímítà 2 sí 4 lọ. Ní Èkó àti Àbújá, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni ti ń ṣe iṣẹ́ lésà. Ní etí omi tiwa, kò sí.

Bí ẹ bá bi mí, èmi yóò sọ fún ọmọ inú ọkọ̀ pé bí ó bá jẹ́ pé omi ni yóò máa jẹ, kí ó ra awò mìíràn, kí ó sì fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn ọrùn. Bí kò bá sì gbọ́, kí ó béèrè fún èyí tí kò ní ìdérí. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Kí ó dúró kí nọ́ńbà ojú rẹ̀ má yí padà fún ọdún kan, kí ó sì ti lé ní 18. Àwọn ìyá wa tí ó ń yan ẹja, tí ojú wọn ti gbẹ tẹ́lẹ̀ nítorí èéfín, kí wọ́n ṣọ́ra sí i, nítorí gígé ìdérí a máa gé àwọn iṣan tí ń pe omijé, ojú a sì gbẹ fún oṣù púpọ̀. Ẹni tí ó ti ń súnmọ́ 45 ọdún, tí kò ríran jìnnà ṣùgbọ́n tí ó ń bọ́ awò rẹ̀ tí ó sì ń tún àwọ̀n ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìní ìrànlọ́wọ́, kí ó mọ̀ pé lésà yóò gba ẹ̀bùn yẹn lọ́wọ́ òun: yóò rí ọkọ̀ lókèèrè, yóò sì wá awò kí ó tó rí ojú àwọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ bá pinnu láti ṣe é, ẹ má kúrò ní ilé ìwòsàn náà kí ẹ tó gba ìwé tí a kọ nọ́ńbà márùn-ún sí: bí kọ́níà yín ti nípọn tó kí a tó fọwọ́ kàn án, bí ìdérí ti nípọn tó, iye tí lésà fá, àti iye tí ó kù, pẹ̀lú ìfúnpá ojú yín ṣáájú. Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, ẹ so ó pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀ yín, kí ẹ sì gbé e sókè àjà níbi tí omi kò ti lè dé.